Ọ̀bẹ Àpò Méjì: Èwo Ni Kí Ọmọ Wa Mú Dání Lọ Sókè Òkun?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìrántí ọdún yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni. Kì í ṣe ọ̀bẹ tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ àwọn alápatà. Ọ̀bẹ àpò ni a ní lọ́kàn, èyí tí a máa ń ká ojú rẹ̀ wọ inú èèkù, tí a ó sì jù ú sínú àpò ṣòkòtò bí ẹni ju kọ́kọ́rọ́ ilé síbẹ̀.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà ni àríyànjiyàn kan tí kì í tán láàárín wa. Bí ọmọ ẹnìkan bá ṣe fíríìdọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ìwé àṣẹ ìrìnnà rẹ̀ jáde tó sì ń múra àtilọ sókè òkun, àwọn bàbá kan á ní kò sí ẹ̀bùn tó yẹ ọmọkùnrin bí ọ̀bẹ àpò tó dára, tí yóò bá a kalẹ́. Ibi tí a ti ń gbà pé kí á ra ọ̀bẹ ni ẹnu wa ti máa ń kò. Ibi tí a bá ti béèrè pé ọ̀bẹ wo, ọ̀rọ̀ á pín sí méjì. Àwọn kan á ní Okapi ni, ọ̀bẹ onígi tó ní òrùka lẹ́yìn. Àwọn kejì á ní ọ̀bẹ pupa ti Swítsàlandì ni, èyí tó ní àgbélébùú funfun lára. Irin ni wọ́n máa ń fi jà: irin tèyí le ju tọ̀hún lọ, tọ̀hún kì í dógùn-ún bíi tèyí. A ti tẹ́tí sí àríyànjiyàn náà pẹ́. Ìtàn àwọn ọ̀bẹ méjèèjì ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó dá wa lójú pé ibi tí a ti ń jà kọ́ ni ìjà wà.

Kí á tó rékọjá òkun, ó yẹ kí á rántí pé òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ hàn wá. Ọmọ Ògún ni wá. Ìlú tí kò ní agbo ilé alágbẹ̀dẹ ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí bí a ṣe lè ki ará Ìrè-Èkìtì kí á má dárúkọ Ògún Onírè. Àwọn tó gbà wá lálejò níhìn-ín náà kò kẹ̀rẹ̀. Ní Lejja àti Opi, ní agbègbè Nsukka, ìdàrọ́ irin tí àwọn ará ìṣáájú yọ́ ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé ti Opi ti lé ní 2,000 ọdún. Awka ńkọ́? Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ti ń gbé ewìrì àti ọmọ owú wọn rìn káàkiri ilẹ̀ Igbo, títí dé ìhà ẹnu Odò Ọya, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé èédú wà lábẹ́ òkè Enugu.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àwọn baba wa kì í ká. Àkọ̀ awọ ni wọ́n ń rán fún un. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa idà tó ń wó ilé ara rẹ̀, tó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀bẹ àpò yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé èèkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà láàárín ojú ọ̀bẹ yìí àti ìka ẹni tó mú un dání: irin pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́yìn èèkù, tí à ń pè ní sípíríìnì.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni sípíríìnì yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, ó kàn ń fi agbára ti ìdí ojú ọ̀bẹ náà ni, bí ẹni fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Bí a bá ṣí ọ̀bẹ náà, á dúró. Bí a bá sì fi ọwọ́ tì í padà, á ká, láìjẹ́ pé a tẹ nǹkan kan tàbí tú nǹkan kan. Nínú ti ìkejì, irin náà máa ń kọ́ inú ihò tàbí eyín kan, á sì di ojú ọ̀bẹ mú gbagidi, kò ní ká mọ́ àfi tí a bá kọ́kọ́ tú ìdè rẹ̀. Ìkejì yìí ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn jù, wọn kò sì jẹ̀bi, torí pé ọ̀bẹ tó ní ìdè kì í dédé pa dé mọ́ ìka ẹni nígbà tí a bá ń fi í gbẹ́ igi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdè yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní Yúróòpù, ìlú méjì ló gba iṣẹ́ ọ̀bẹ mọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ: Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen nílẹ̀ Jámánì. Àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ní Sheffield ti ní ẹgbẹ́ tí òfin fọwọ́ sí láti 1624. Ní agbègbè ìlú náà ni Benjamin Huntsman, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ aago ṣíṣe, ti rí ọ̀nà ní àwọn ọdún 1740 láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dọ́gba, tí kò ní le níhìn-ín kó rọ̀ lọ́hùn-ún. Solingen ní tirẹ̀, idà ni wọ́n ń rọ níbẹ̀ láti ayé àtijọ́, kí wọ́n tó bọ́ sórí ọ̀bẹ, sísọ́ọ̀sì àti abẹ ìfárí.

Nígbà tí ọjà Solingen bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó pọ́ọ́kú, inú àwọn ará Sheffield kò dùn, pàápàá nítorí pé orúkọ Sheffield ni wọ́n ń tẹ̀ sára òmíràn nínú ọ̀bẹ náà. Ní 1887, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ṣe òfin pé ọjà tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá kò gbọdọ̀ fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ tan ẹni tó ń rà á. Láti ìgbà náà ni a ti ń rí i lára ọjà pé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Èrò àwọn tó ṣòfin ni pé oníbàárà á sá tó bá ti rí orúkọ yẹn. Ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀! Àwọn èèyàn lo ọjà náà, wọ́n rí i pé kò tètè bàjẹ́, orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi ta wọ́n nù sì wá di orúkọ iyì. Títí di òní, bí oníṣòwò páàtì mọ́tò bá fẹ́ yin ọjà rẹ̀ fún yín, kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ, á kàn ní, “Jámánì ni.” Àwọn ará Solingen pàápàá wá mọ iyì orúkọ wọn débi pé, ní 1938, wọ́n ní òfin tí kò jẹ́ kí ẹni tí kò rọ ọ̀bẹ rẹ̀ ní agbègbè wọn kọ Solingen sára rẹ̀.

Ìjà ìlú méjèèjì kò dúró sí òkè òkun. Àwọn oníṣòwò Jámánì ti wà ní Èkó tipẹ́, ilé-iṣẹ́ Gaiser ará Hamburg sì wà lára àwọn tó lórúkọ níbẹ̀ nídìí òwò epo pupa àti èkùrọ́. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 1916, àwọn aṣòfin ní London fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n ta dúkìá náà fún, bóyá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tàbí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ ọjà Nàìjíríà yìí wà lára ohun tó mi ìjọba Asquith, ó sì bọ́ sílẹ̀ nínú oṣù tó tẹ̀lé e. Ọdún 1916 yẹn kan náà ni ojú irin láti Port Harcourt dé Enugu, tí èédú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá òkun. Ojú irin àti èédú yẹn ló sọ Enugu di ìlú ńlá tó ń pe àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá.

Ó yá, ọ̀bẹ méjì wa ńkọ́? Okapi ni ká kọ́kọ́ mú.

Okapi jẹ́ orúkọ ẹranko kan nínú igbó kìjikìji Kóńgò, ìbátan àgùnfọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilà dúdú àti funfun. Ní 1901 ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ní 1902, ọ̀bẹ tó ń jẹ́ orúkọ ẹranko yìí jáde ní Solingen, tìtorí àtità ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Jámánì ń ṣàkóso ni wọ́n sì ṣe ń rọ ọ́. Kamẹrúùnù tó bá wa pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn wà lára ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Tógò náà wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀yà tiwa kan ń gbé. Ẹ rí i nígbà náà pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ti bí i fún àwa ènìyàn dúdú. Wọn kò rọ ọ́ fún ọ̀gá. Àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ oko òyìnbó, awakọ̀ àti darandaran ni wọ́n rọ ọ́ fún, owó rẹ̀ sì ní láti mọ níwọ̀n.

Igi ni èèkù rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, wọ́n sì máa ń fi irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ṣe ìràwọ̀ àti oṣù sí i lára. Irin rẹ̀ kò ní èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti pọ́n. Ẹ fi òkúta lásán pọ́n ọn díẹ̀, á mú bí abẹ. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù nínú wọn ní eyín ní ìdí ojú rẹ̀, bí a bá sì ń ṣí i, á máa dún kẹ̀ẹ́rẹ́-kẹ̀ẹ́rẹ́-kẹ̀ẹ́rẹ́ títí tí yóò fi nà tán, tí sípíríìnì á sì dì í mú. Òrùka tó wà lẹ́yìn ni a ó fà sókè kí ó tó lè ká. Ìró yìí ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, òun náà ló sì bà á lórúkọ jẹ́. Ó ti dé Jàmáíkà, níbi tí àgbẹ̀ ti ń lò ó lóko tí àwọn jàǹdùkú sì ń fi ìró rẹ̀ dẹ́rù ba èèyàn nígboro. Ní 1988, wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Solingen lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ títí di òní. Àwọn kan máa ń fi èyí bú u pé kì í ṣe Jámánì mọ́. Lójú tiwa, ọ̀bẹ tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà tó wá di ohun tí Áfíríkà fúnra rẹ̀ ń rọ kò tọ́ sí èébú.

Ọ̀bẹ pupa ní ìtàn tó gùn jù, ó sì dùn ún gbọ́ fún ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀ wá oúnjẹ lọ. Ní 1884 ni Karl Elsener ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀bẹ rẹ̀ ní Ibach, ní agbègbè Schwyz. Swítsàlandì ìgbà náà kì í ṣe ilẹ̀ olówó tí a mọ̀ lónìí. Òkè pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ kò pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Elsener fẹ́ kí iṣẹ́ wà nílé.

Ìjọba wọn ń wá ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun nígbà náà. Ìbọn tuntun tí wọ́n gbà ní 1889 nílò ohun tí a fi ń tú ìdè (àwa ń pè é ní sukurudiráfà), oúnjẹ ọmọ ogun sì ti ń wà nínú agolo. Nítorí náà wọ́n fẹ́ ọ̀bẹ kan ṣoṣo tó lè gé nǹkan, tó lè ṣí agolo, tó lè tú ìbọn, tó sì lè lu ihò sí awọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Swítsàlandì tó lè ṣe iye tí wọ́n fẹ́. Ta ló wá ṣe é? Solingen ni! Ilé-iṣẹ́ Wester níbẹ̀ ló rọ 15,000 àkọ́kọ́ ní 1891. Ẹ ò rí nǹkan: àwọn ọ̀bẹ méjì tí à ń torí wọn pariwo mọ́ ara wa, ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ gbóòórùn iná.

Elsener kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ó pe àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ní ilẹ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ogun ní ọ̀bẹ kí 1891 tó parí. Ṣùgbọ́n owó Solingen kéré sí tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹbí rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí, ẹ ó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ owó.) Ó padà sídìí iṣẹ́, ó sì rí ọgbọ́n kan: sípíríìnì kan náà lè gbé irinṣẹ́ ìhà méjèèjì èèkù. Ìyẹn jẹ́ kí ọ̀bẹ fúyẹ́ kí irinṣẹ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1897, ó fi orúkọ ọ̀bẹ yìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ó pè é ní ọ̀bẹ ọ̀gágun. Ìjọba kò rà á fún àwọn ọ̀gágun; àwọn fúnra wọn ló ń fi owó ara wọn rà á, torí pé ó wù wọ́n.

Ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Victoria, kú ní 1909, ó sì fi orúkọ ìyá náà sọ ọ̀bẹ rẹ̀. Ní 1921, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí kì í dógùn-ún, tí àwọn Faransé ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí inox. Wọ́n lẹ inox mọ́ Victoria, ó di Victorinox. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀bẹ yìí lápò, orúkọ ìyá olóyìnbó kan ló ń gbé kiri. Láti 1893 ni ilé-iṣẹ́ kejì tó di Wenger, ní ìhà tí wọ́n ti ń sọ Faransé, náà ti ń rọ ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun. Ní 1908 ìjọba pín iṣẹ́ náà sí méjì dọ́gba kí ìjà má baà wà láàárín ìhà kan àti èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ títí Victorinox fi ra Wenger ní 2005. Bí ẹ bá rí Wenger àtijọ́ lọ́jà, ẹ má ṣe rò pé ayédèrú ni.

Irin tí kì í dógùn-ún yìí, Swítsàlandì kọ́ ló ti wá. Harry Brearley ló ṣe é ní Sheffield ní 1913, níbi tó ti ń wá irin tí iná ìbọn kò ní tètè jẹ. Ó po èròjà kan tó ń jẹ́ kúrómíọ̀mù, bí 13 nínú 100, mọ́ irin. Ní Enugu tiwa yìí, tí òjò oṣù kẹsàn-án kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ, ìyàtọ̀ náà ń hàn. Ẹ fi Okapi gé ọsàn láàárọ̀, kí ẹ má nù ún, yóò ti ní àbààwọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀bẹ pupa kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Okapi tí a bá fi epo díẹ̀ pa lójú, tí a sì ń pọ́n dáadáa, lè bá èèyàn lo ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́ àti okùn gígé, ìdè rẹ̀ jẹ́ kó wuni ju ọ̀bẹ pupa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé Awkunanaw ni ọmọ yóò ti máa lò ó, kí kálukú ra èyí tó wù ú. Méjèèjì dára.

Ṣùgbọ́n ọmọ ń lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ní 1988, ọdún kan náà tí Okapi fi Solingen sílẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London tún ṣe òfin mìíràn lórí ọ̀bẹ. Abala 139 nínú òfin ọ̀ràn dídá ọdún yẹn sọ pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti mú ohun tó ní ojú mímú dání ní ìgboro. Ó yọ ohun kan sílẹ̀: ọ̀bẹ àpò tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ tó ń gé nǹkan kò bá gùn ju íǹṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62. Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa ìdè. Ní 1993, ẹjọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harris dé iwájú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì sọ pé ọ̀bẹ tí a ní láti tú ìdè rẹ̀ kí ó tó ká kì í ṣe ọ̀bẹ tó ń ká lójú òfin, nítorí pé nígbà tó bá wà ní nínà, bí ọ̀bẹ tí kì í ká ló rí. Ní 1998, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ẹjọ́ Deegan. Láti ìgbà náà, bí ọ̀bẹ onídè bá tiẹ̀ kéré tó ìka ọwọ́ ọmọdé, kò sí nínú èyí tí òfin yọ sílẹ̀.

Ẹ wo Okapi olóòrùka nínú ìmọ́lẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ gùn ju íǹṣì 3 lọ, ó sì ní ìdè. Ọ̀nà méjì ló fi rú òfin náà. Ohun tí bàbá tìtorí rẹ̀ rà á, pé kó má baà gé ọmọ òun lọ́wọ́, òun gan-an ni agbẹjọ́rò ìjọba yóò tọ́ka sí. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Òótọ́ ni pé òfin gba àwíjàre ẹni tó bá ní ìdí gidi, bíi kó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi ṣe lọ́jọ́ náà, tàbí pé ó jẹ mọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀. Káfíńtà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ohun tó lè sọ. Ọmọ tó bá ní “bàbá mi ló fún mi, inú báàgì ni mo gbàgbé rẹ̀ sí” kò ní púpọ̀ sọ. Èyí tó burú jù ni kó ní òun mú un dání láti dáàbò bo ara òun. Lójú àwọn adájọ́ ibẹ̀, ìyẹn kì í sábà jẹ́ ìdí, ẹ̀rí tó ń dá a lẹ́bi ló sábà máa ń jẹ́.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ní ọmọ ní Peckham, ní Woolwich àti ní Manchester mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá lè dá ọ̀dọ́ dúró kí wọ́n sì yẹ àpò rẹ̀ wò, pàápàá ọ̀dọ́ ènìyàn dúdú. Ọmọ tó ti ilé wá pẹ̀lú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́ kan, tó sì ní ọ̀bẹ tí bàbá rẹ̀ súre sí lọ́wọ́ kejì, lè pàdánù ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú nítorí ẹ̀bùn. Kí ni a wá fẹ́ sọ pé a fún un?

Nítorí náà, bí a bá ní dandan ni kí ọmọ mú ọ̀bẹ lọ sí Ìlú Ọba, ọ̀bẹ pupa ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ pupa. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kò tó. Èyí tí gígùn èèkù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 91, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, kò ní ìdè, ojú rẹ̀ kò sì tó íǹṣì 3. Èyí tó kéré jù, mìlímítà 58, dára bákan náà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe ńlá tí èèkù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 111, ojú rẹ̀ sì ní ìdè nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ọ̀bẹ tí ìjọba Swítsàlandì ń fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti nǹkan bí 2009 wà nínú irú èyí, ó sì ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí. Ọ̀bẹ ọmọ ogun gidi yẹn kò ṣeé mú rìn ní ìgboro London láìní ìdí. Bákan náà ni Opinel ti ilẹ̀ Faransé: láti 1955 ni wọ́n ti ń fi òrùka onídè sí èyí tó bá tóbi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kékeré kò ní in. Kí ẹni tó ń rà ṣí ọ̀bẹ náà níwájú oníṣọ́ọ̀bù, kó tì í padà pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Bó bá ká láìtẹ nǹkan kan, kó wá fi rúlà wọn ojú rẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà kò rí báyìí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní New York, wọ́n mú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ nítorí ọ̀bẹ àpò lásán tí ọlọ́pàá bá lè jù lọ́wọ́ kó ṣí, títí wọ́n fi pa òfin yẹn rẹ́ ní 2019. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé tó ti wà ní ìpínlẹ̀ náà kó tó di ẹrù.

Ti pápákọ̀ òfurufú kò le rárá. Láti ìgbà tí àwọn apániláyà ti fi abẹ kéékèèké gba ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ sínú báàgì ọwọ́, ì báà jẹ́ ní Emene níbí, ì báà jẹ́ ní Èkó. Wọ́n á gbà á, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Inú àpótí tí wọ́n ń wọ̀n ni kó wà, kí ẹ fi aṣọ wé e. Ọdún 2001 yẹn ba ọjà Victorinox jẹ́ gidigidi, torí pé ilé ìtajà pápákọ̀ òfurufú wà lára ibi tí wọ́n ti ń tà á jù. Ní 2024, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ Karl Elsener tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, sọ pé àwọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí irinṣẹ́ àpò tí kò ní ní ojú ọ̀bẹ rárá, nítorí òfin tó ń le sí i káàkiri ayé.

Ní ti Okapi tí àwọn bàbá kan ti rà sílẹ̀, kò sídìí láti jù ú nù. Ẹ fi sílé. Ó dára fún iṣu wíwó lórí iná, fún okùn àpò gààrí, fún ìrèké. Ẹ nù ún lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi epo kín ìdí sípíríìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, kí òrùka rẹ̀ má baà gan.